Ẹ Lọ Ka Ìwé Òwú

Ká ní ikọ́ ni gbogbo ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tọ́ka sí ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Fùkù, òrùlé ayé ì bá ti ṣí lọ tipẹ́, òṣùpá pàápàá ì bá ti máa wá ìbomú kiri. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́ ọ̀run tí wọn kì í ti í dárúkọ ìwé yìí. Orúkọ tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú irin. Kí ènìyàn tó pè é dé ìdajì, ebi á ti máa pa á. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ìwé Òwú. Ẹni tó kọ ọ́ náà ní orúkọ gidi, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi Fùkù rọ́pò rẹ̀, torí nígbà tí àwọn olùkọ́ yòókù bá ń fi ọ̀rọ̀ ńláńlá ṣe ẹ̀dọ̀fóró lọ́ṣọ̀ọ́, òun a na ìka sí àwòrán ara ògiri, a ní, "Fùkù ni, ẹ̀yin ọmọ. Bí alápatà ṣe ń pè é náà nìyẹn. Ẹ yé dààmú ara yín."

Fóònù rẹ̀ ní agogo kan tó máa ń dún tín! bí ẹnìkan bá ti tọ́ka sí Ìwé Òwú níbikíbi láyé. Tín! nígbà tó bá ń fọ eyín. Tín! nígbà tó bá ń bú ẹni tó gbé mọ́tò dí i lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó dún níbi tí wọ́n ti ń sin olùkọ́ kan, Fùkù sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí pósí. Àwọn ẹbí òkú ò bá a sọ̀rọ̀ títí dòní.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń torí rẹ̀ tọ́ka sí ìwé náà kò sí nínú ìwé náà. Òdìkejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí irun Fùkù ṣì dúdú, ó gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú àyà lọ sí ilé iṣẹ́ tìmùtìmù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò fara sin: wọ́n á tú òwú, wọ́n á fi ọ̀pá nà án kó wú, wọ́n á kì í bọ inú àpò, wọ́n á rán ẹnu àpò pa. Eruku ibẹ̀ nípọn débi pé bí ènìyàn bá sín, á fojú ara rẹ̀ rí ihò tí imú rẹ̀ lù sínú afẹ́fẹ́. Fùkù ya àwòrán àyà gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́ tónítóní. Ó yà á lẹ́nu. Ó wá kíyè sí i pé àga púpọ̀ ló ṣófo, àga tí ìdí ènìyàn ti jẹ jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa àwọn àga náà lọ sílé ẹni tó ni wọ́n. Ibẹ̀ ló ti bá wọn lórí ibùsùn, ẹ̀dọ̀fóró wọn dà bí aṣọ tí kòkòrò ti jẹ. Ẹni tí eruku òwú bá ti bà jẹ́ kì í lè wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ara gbogbo ẹni tó kù níbi iṣẹ́ fi le bí irin.

Ó jókòó, ó kọ ọ́. Fùkù sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ dùn. Kò fẹ́ kí tiẹ̀ dà bíi ti àwọn ọ̀mọ̀wé yòókù, tí ìwé wọn lè mú aago ara ògiri sùn lọ. Ó to tiẹ̀ bí ìtàn. Ó fi gbólóhùn kan parí ojú ìwé kìíní pé, "Nínú gbogbo àwọn tí a bá lẹ́nu iṣẹ́, a kò rí ẹyọ ẹnìkan tí eruku òwú pa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lára." Ó wá fi òmíràn ṣí ojú ìwé kejì: "Àwọn tó pa lára ti lọ sílé, a bá wọn lórí ibùsùn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kì." Lọ́jọ́ tó kọ ọ́ tán, ó fò sókè bí ọmọdé. Ó ní ẹni tó bá ṣí ojú ìwé yẹn máa lọgun pé háà!

Ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde gbé ojú ìwé kìíní síta lórí kọ̀ǹpútà fún gbogbo ayé, wọ́n ti ìyókù mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé yunifásítì tó bá ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Àwọn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ò lè wọlé. Àwọn tó ní in, ọ̀lẹ ò jẹ́ kí wọ́n nawọ́. Nígbà tó yá, yunifásítì Fùkù alára kò sanwó kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Òun tó bí ọmọ, ẹ̀dà bébà tó ti pọ́n, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ló fi ń rí ojú ọmọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wo ojú ìwé kìíní tó sì sá lọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Òòró ni Kíákíá ti ń jẹun. Bàtà ló ń wọ̀ wẹ̀. Wọ́n ní kò lo oṣù rẹ̀ pé nínú ìyá rẹ̀, torí ó ní ibi tó ń lọ. Ó ń kọ ìwé gbàgbà kan nípa ẹ̀dọ̀fóró nígbà náà, ó sì ń wá gbólóhùn kan tó máa sọ nípa òwú. Ó já ti Fùkù bí ẹni já ewé lẹ́bàá ọ̀nà, ó kọ ọ́ pé òwú kì í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó fi orúkọ Fùkù tì í lẹ́sẹ̀. Ẹni kejì wò ó lára Kíákíá, ẹni kẹta wò ó lára ẹni kejì, títí gbogbo agbo fi ń fi ìdí ẹni tó wà níwájú wọn ṣe màápù.

Fùkù kọ́kọ́ ké. Ó kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé ó kàn sí àwọn. Kó tó kọ òmíràn, ìkésíni ti ń rọ́ dé. Wọ́n gbé e jókòó síwájú. Wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídígí tó wúwo bí ọmọ ọlọ, Kíákíá fúnra rẹ̀ ló gbé e lé e lọ́wọ́ níwájú èrò. Wọ́n fi oyin kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. Ta ló wá ń fi ẹnu oyin lọgun? Ó ní òun máa tún un ṣe lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di ewú orí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a ní ọ́fíìsì. Ìyá Tìmùtìmù ni àdúgbò ń pè é. Òun ló tọ́ Fùkù lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun ló ń fi òwú tó bá ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ sí etí rẹ̀ nígbà tí etí ń dùn ún. Ikọ́ rẹ̀ ti gun àtẹ̀gùn tán, ó ti kan ilẹ̀kùn, ó ti wá ibi jókòó sí, kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò sì pè mí kí n wá fi mọ́tò gbé yín?"

"Mọ́tò wo? Èyí tó ń wúkọ́ jù mí lọ yẹn?" Ó jókòó, ó di etí tábìlì mú, ó ń fa èémí bí ẹni ń fa omi láti inú kànga tí okùn rẹ̀ kúrú. "Fi mí sílẹ̀ ná. Èémí mi ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ̀."

Fùkù bu omi fún un. Kò fẹ́ wo ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dà bí aró, torí ó mọ ohun tí àwọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ó ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìtumọ̀ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ha.

"Mo lọ sí ọsibítù ẹ̀dọ̀fóró," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń po atẹ́gùn síni nímú, tí wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbé lọ sílé. Wọ́n ní ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ nìkan ló tọ́ sí. Mo ní iṣẹ́ ló ba tèmi jẹ́ kẹ̀, kí ni mo tún ṣe láyé yàtọ̀ sí kí n máa ki òwú? Dókítà ní rárá, Mà, òwú kì í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó wà nínú ìwé. Mo ní ìwé wo? Ó dárúkọ rẹ̀." Ìyá Tìmùtìmù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà mi ife lórí tábìlì. "Mo ní, 'Àbúrò mi ló kọ ọ́!' Inú ẹ̀ dùn o. Ó ní kí n bá òun kí ọ."

Fùkù sún ife náà kúrò létí tábìlì.

"Wò mí lójú. Ṣé o kọ ọ́ pé òwú ò ṣe mí ní nǹkan kan?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣì mí gbọ́ ni. Òdìkejì rẹ̀ ni mo kọ."

"Ó tán!" Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. "Lọ́la o bá mi lọ, o sọ fún un pé ìwọ lo kọ ọ́, pé kò ríran dáadáa. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ fún mi, màá máa lọ. Ìjà wo ló tún wà níbẹ̀? Ẹni tó dáná ò kúkú ní í béèrè lọ́wọ́ èéfín bí ọbẹ̀ bá ti jinná."

Tín!

"Kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Fùkù wí, ó fi ọwọ́ bo fóònù mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Ìjókòó tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù ẹ̀dọ̀fóró gùn débi pé ẹni tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè darúgbó kó tó dé òpin. Ọ̀kan ń mí bí ẹnu ọ̀nà tí wọn ò fi òróró sí, òmíràn ń mí bí ìkòkò tó ń hó, òmíràn ń mí bí ẹni ń lọ igi. Wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri, ó ní "Ohun Tí Kì Í Ba Ẹ̀dọ̀fóró Jẹ́." Wọ́n ya òwú sí àárín rẹ̀. Wọ́n ya ojú àti ẹnu fún un, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta lèyí ń fi ṣẹ̀sín?" ni Ìyá Tìmùtìmù wí.

Dókítà ọjọ́sí kò sí níbẹ̀. Èyí tó gbà wọ́n kéré lọ́jọ́ orí. Gíláàsì ojú rẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ó kí wọn tẹ̀rín tẹ̀rín, ó gbé etí lé ẹ̀yìn ìyá, ó gbé àwòrán àyà rẹ̀ sára iná. Ibi tó yẹ kó dúdú, funfun ni, bí ẹni pé òwú tí obìnrin náà ń kì sínú àpò látọjọ́ yìí, ara rẹ̀ ló ń kì í sí.

"Àpá wà níbẹ̀, a ò jiyàn, Sà," ni dókítà wí. "Ohun tó dá àpá náà la ò mọ̀."

"Òwú ni."

"Ẹ má bínú o, Sà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ ka Ìwé Òwú."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́. "Bàbá kan wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun lòun ṣe oòrùn."

Fùkù yọ káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. Dókítà wò ó, ó wo Fùkù, ó tún wò ó. Ó dìde, àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn gbì. Ó pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì pe nọ́ọ̀sì, yàrá kún bí ẹni pé Fùkù ń pín ẹ̀mí gígùn. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n yà á lápá òsì. Wọ́n bẹ Ìyá Tìmùtìmù pé kó sún díẹ̀, ó ń bo iná.

"Sà, ìwé yín ló jẹ́ kí n ṣe dókítà ẹ̀dọ̀fóró! Mo mọ̀ ọ́n lórí!"

"Kà á fún mi."

Ọmọ náà na ara tọ́, ó kà á títí dé gbólóhùn tó parí ojú ìwé kìíní. Kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn kẹ̀? Ó tán nìyẹn, Sà."

Fùkù wá ka ojú ìwé kejì fún un láti orí. Ẹnu rẹ̀ gbẹ bó ṣe ń kà á. Dókítà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ rọ̀, ó wá ń wò ó bí a ṣe ń wo àgbàlagbà tó gbàgbé ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

"Bàbá," ó fi ohùn jẹ́jẹ́ wí, kò tún pè é ní Sà mọ́, "ó lè jẹ́ ìwé mìíràn lẹ ń rò. Gbogbo àwọn ọ̀gá wa ló tọ́ka sí i. Ṣé gbogbo wọn ni kò mọ̀wé kà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Fùkù wí.

"Èmi ò lè kọ ohun tó yàtọ̀ sí òfin ọsibítù o. Àfi kẹ́ ẹ rí alága ìgbìmọ̀ wa."

Ìyá Tìmùtìmù ti di etí tábìlì mú. "Ẹ̀yin ọmọ," ó wí, "fọ́tò tí ẹ yà yẹn, ṣé wọ́n ń fi í mí ni?"

Ta ni alága bí kì í ṣe Kíákíá? Ó wà ní àjà òkè pátápátá, ó dúró ti fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ kan jẹ búrẹ́dì, ó ń fi ìkejì buwọ́ lùwé tí kò kà.

"Fùkù Fùkù! Ọkùnrin òwú! Wọlé, má jókòó, mò ń jáde lọ."

"O ò lọ ibì kankan." Fùkù gbé ẹ̀dà bébà tó ti pọ́n náà sórí tábìlì, ó ṣí ojú ìwé kejì. "Ka èyí."

Ó lè jẹ́ pé búrẹ́dì há Kíákíá lọ́fun ni, ó lè jẹ́ pé ohùn Fùkù ni. Ó kà á. Bó ṣe ń kà á ni ó ń jókòó díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí i kó ṣe rí. Ìgbà tó kà á tán, ó nu ẹnu rẹ̀.

"Ó dára o. Ó dùn, àbùkù ò sí."

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí o kà á nìyí?"

"Ìwọ náà mọ̀ mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìsàlẹ̀. Òun ló máa ń bu oúnjẹ fún ìwọ náà nígbà tá a wà níléèwé. Kọ ọ́ pé òwú ni, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún un."

Kíákíá wo ojú fèrèsé. "Tí mo bá kọ ọ́ fún un, gbogbo ẹni tó ti ki ìrọ̀rí rí láyé á tò dé ẹnu ọ̀nà yìí. Ìlà náà á gba orí òkun kọjá."

"Kí wọ́n tò."

"Ẹ̀rọ ò tó. Òfin yìí, èmi ni mo kọ ọ́. Ìwé mi, àwọn ọmọ tí mo kọ́, àwòrán òwú tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri yẹn, orí gbólóhùn rẹ ni gbogbo rẹ̀ dúró sí. Bí a bá fà á yọ, ta ni ilé máa kọ́kọ́ wó lù?"

"Ìwọ."

"Irọ́ ni. Ìwọ ni." Ó dìde. "Lọ́jọ́ tí mo gbé àmì ẹ̀yẹ lé ọ lọ́wọ́, tí mo ní ìwọ lo dá òwú láre níwájú ayé, kí lo ṣe? Ohùn rẹ ha ni?"

"Mo rẹ́rìn-ín."

"O rẹ́rìn-ín! O rẹ́rìn-ín títí mo fi rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Ọ̀rẹ́, èmi jẹ ojú ìwé kan nínú ìwé rẹ, mo gbà. Ìwọ tí o mọ ìyókù, tí o ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí, kí la máa pè ọ́?"

Fùkù mú bébà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó fẹ́ bínú, ìbínú ò rí ibi dúró sí.

Síbẹ̀, nítorí oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n bù fún un láyé ìjọ́sí, Kíákíá pe ìgbìmọ̀ jọ. Wọn ò pẹ́. Alága wọn ti wọ bàtà. Ẹsẹ̀ ìpinnu wọn kò gùn: "Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ pé ohun tí ìwé òun wí kọ́ nìyí. A gbọ́, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni. Àwọn tó ní ohun tí ìwé náà wí nìyí kún ilé, wọ́n kún oko. Ibi tí ẹ̀rí pọ̀ sí la ó tẹ̀ lé. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní iyèméjì nípa Ìwé Òwú, kó kọ tiẹ̀ síta, kí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí wọ́n ṣe dìbò bo ẹni tó kọ ìwé mọ́lẹ̀ nípa ìwé tó kọ nìyẹn. Kí Fùkù tó kúrò ní ọsibítù, ó fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà odindi ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì dókítà kékeré yẹn. Dókítà ní òun máa kà á. Ó kì í bọ abẹ́ òkìtì bébà kan tó ga débi pé ẹyẹ lè yé sí orí rẹ̀.

Fùkù lọ sílé, ó kọ òmíràn. Kò sí adùn kankan nínú èyí, kò sí ìtàn, kò sí pé kí ẹnikẹ́ni ṣí nǹkan kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: "Eruku òwú ń pa ènìyàn." Ó fi ránṣẹ́ síbi tó fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Àṣà ibẹ̀ ni pé wọ́n á yọ orúkọ ẹni tó kọ̀wé kúrò kí wọ́n tó gbé e fún àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́. Nígbà yẹn Ìyá Tìmùtìmù ti ń sùn ní ìjókòó. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ kó èémí jọ bí ẹni ń ṣa ìṣáná tó dà nù. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè pé, "Wọ́n ti fèsì?" Ojoojúmọ́ ni Fùkù ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀."

Èsì dé. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní: "Ó hàn gbangba pé ẹni tó kọ èyí kò mọ Ìwé Òwú dáadáa. A gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kà á kó tó tún gbé kálàmù."

Fùkù kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé akọ̀wé ọ́fíìsì kejì wá wò ó, ó rò pé wọ́n tún fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ìgbà tí ẹ̀rín náà kọ̀ tí kò dúró, ó fi ìwé bojú.

Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lọ́sàn-án gangan ọjọ́ náà. Obìnrin náà jókòó sórí ibùsùn, ó ti to ìrọ̀rí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kì sẹ́yìn ara títí kan ọrùn, bí ayaba tí ìtẹ́ ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n fèsì," ni Fùkù wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ojú rẹ̀, kò béèrè ìyókù. "Ó dáa. Ka ìwé náà fún mi. Ti àkọ́kọ́. Gbogbo ayé ti kà á, èmi nìkan ló kù."

Fùkù kà á. Ó fo àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá, ó pe fùkù ní fùkù. Ó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní, ó dúró.

"Ṣí i," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó ṣí i. Ó ka ti àwọn àga tó ṣófo, àti ilé tó tọ̀ wọ́n dé, àti àwọn tó bá lórí ibùsùn.

"Ìyẹn ni ọ̀rẹ́ mi tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé," ni Ìyá Tìmùtìmù wí. "Aláwàdà yẹn. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n ki òun bọ inú tìmùtìmù, kí ọ̀gá lè jókòó lé òun lórí bó ṣe máa ń ṣe." Ó di ìrọ̀rí mú, ó dúró de èémí. "O kọ ọ́ dáadáa. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló wá dé tí o fi òótọ́ sẹ́yìn?"

"Mo fẹ́ kó dùn ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ì bá sàn ká ní ó wà.

"Ó dùn," ó wí.

Kò lo oṣù náà tán. Ní ìjókòó ló kú sí, ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń retí ẹni tó ń gbé ẹrù bọ̀. Dókítà kékeré náà wá síbi ìsìnkú. Omi dá lójú rẹ̀ ní tòótọ́. Ó gba àyè lọ́wọ́ Fùkù pé kí òun kọ̀wé nípa àìsàn ìyá, kó lè ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Fùkù ní kó kọ ọ́. Ó fẹ́ béèrè bóyá ó ti ka ẹ̀dà tó fún un; ẹ̀rù ohun tó máa gbọ́ bà á.

Ó wà nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń kó ìrọ̀rí jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Tín! Ọwọ́ rẹ̀ ti yọ ọ́ kó tó rántí pé òun ti búra pé òun máa pa ohùn yẹn. Ìwé dókítà náà ni. Ó pè é ní "Obìnrin Kan Tó Fi Ayé Rẹ̀ Ki Tìmùtìmù." Wọ́n gbé ojú ìwé kìíní síta fún gbogbo ayé. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́: ó kọ nípa ikọ́ ìyá, ó kọ nípa àwàdà rẹ̀, ó kọ nípa àwòrán àyà tó funfun níbi tó yẹ kó dúdú. Gbólóhùn tó parí ojú ìwé náà ni: "Gbogbo wa ló mọ̀ pé òwú kì í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́." Orúkọ Fùkù wà ní ìsàlẹ̀.

Ó sáré fi ìka tẹ ojú ìwé kejì. Ilẹ̀kùn bẹ́ síwájú rẹ̀, ó ní ta ni, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bóyá ọmọ náà ti ka ẹ̀dà yẹn. Bóyá òun náà fẹ́ kó dùn ni, bóyá òótọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, ní gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an. Fùkù tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó ń lù ú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta ilé ara rẹ̀.

Kò tíì gbé ìka kúrò lórí rẹ̀ tí agogo náà tún fi dún. Ẹnìkan, níbìkan, ti ka ojú ìwé kìíní.